Ọjọ́ tí Rédíò tí Mo Tò Sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ tí rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ kò fẹ́ iṣẹ́ náà fún ọmọbìnrin. Wọ́n ní bí rédíò mi kò bá sọ̀rọ̀, kí n padà wálé wá máa yan ẹja.

Èmi àti àbúrò ìyá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo so ó mọ́ bátìrì, mo tàn án, kò dún. Àbúrò ìyá mi kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní, "Fara balẹ̀. Tọ ọ̀nà iná láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí ọ̀kan tí ó ti tú. Mo ki irin bọ ẹyín iná, mo fi yọ́ òjé lé wáyà náà kí ó lè lẹ̀ padà. Bí mo ti tún tàn án, ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń ka ìròyìn ní Yorùbá!

Ìyá mi kígbe, "Alihamdulilahi!"

Bàbá mi sáré bọ́ síta, wọ́n ń pe àwọn aládùúgbò: "Ẹ wá gbọ́ rédíò ọmọ mi o!"

Ọ̀rọ̀ ẹja yíyan parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fúnra wọn ló sìn mí dé ibi tí a ti ń wọkọ̀ Ìkòròdú, kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.