Àwọn Ohùn Tí Mo Rò Pé Wọ́n Fagi Lé

Mo rántí òórùn ìwé náà kí n tó rántí ojú ọkùnrin tó fi í dójú tì mí. Ó ń rùn bíi kòkó tí òjò pa. Ìwé òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní bánjò ni, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Bàbá ìjọ wa ní Erunmu ló fi í sílẹ̀ kú pẹ̀lú bánjò olókùn márùn-ún tí wọ́n ń ta bíi gìtá. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, ìyàwó wọn, ìyá ìjọ, ní ẹni tó bá ta orin àkọ́kọ́ inú ìwé náà dáadáa lójú ìjọ ni yóò gba bánjò.

Nígbà SAP yẹn, tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, láti Erunmu dé Akanran, kò sí ẹni tó mọ okùn tẹ̀ bí èmi. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n orin tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti wọ ìka mi nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá mi du bánjò náà: ọ̀gá akọrin, akọ̀wé ìjọba tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń dọ̀tí bàtà rẹ̀. Ó jù mí lọ, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn". Ẹnu mi kọ̀ ọ́ títí dòní.

Ìyá ìjọ pàṣẹ pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé orin, kí èrú má baà wọ ìdíje náà. Ó kọ́ mi lóòótọ́, Sátidé mẹ́ta, bí ẹni ń ju egungun sí ajá ọ̀tá. Àmì kan ló kù tí kò sọ: igi kéékèèké méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ àwọn ohùn kan.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń pe eléyìí?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tóo lọ sílé ìwé! Bí tíṣà bá fi irú ẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ, kí ló ń sọ?"

"Pé mi ò gbà á."

"Ṣé o rí i? Wọ́n tún ní o ò mọ nǹkan kan."

Orí mi wú. Mo gbà pé òyìnbó ló ṣi orin kọ, tí ẹnì kan sì fagi lé e. Gbogbo ohùn tó ní àmì yẹn ni mo fò. Nígbà tí mo rí i pé orí okùn kúkúrú, ìkarùn-ún bánjò náà, ni wọ́n pọ̀ sí jù, mo kúkú tú okùn náà dànù. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ti ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ọ̀tá.

Lọ́jọ́ ìkórè, èmi ni mo kọ́kọ́ ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó fa okùn tuntun yọ nínú àpò, ó so ó síbi tí mo ti tú u, ó wá gbé àtàǹpàkò sókè.

"Ẹ̀yin ará, àmì pé kí á fi àtàǹpàkò ta ohùn ló wà nínú ìwé yìí o. Arákùnrin wa rò pé òyìnbó ti gé àtàǹpàkò tiwọn ni!"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ìyá ìjọ náà fi gèlè bo ẹnu. Ọkùnrin náà ta orin náà, ó gba bánjò.

Mo fi ìjọ yẹn sílẹ̀. Lónìí bánjò mẹ́ta ló wà nílé mi, ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n tà jù mí lọ, kó jáde. Mi ò kí ọ̀gá akọrin yẹn títí ó fi kú, mi ò sì débi òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí ó ṣe ń ta á lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo sì ń gbàdúrà pé kó má tíì dáwọ́ dúró.