Do Àbíjàn, Do Èjìgbò

Òórùn kọfí ló máa ń jí mi láàárọ̀, lọ́dún tí àbúrò ìyá mi obìnrin ti Àbíjàn dé. Kọfí ọ̀hún dúdú, ó sì korò bí ewúro, ṣùgbọ́n àǹtí mi á mu ún tán pátápátá kó tó gbé jìtá rẹ̀ lé itan lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orúkọ àwọn ohùn tó wà lọ́rùn jìtá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé kéwú ló ṣe kọ́ mi. Á fi ìka tẹ okùn, èmi á máa mì síwá sẹ́yìn, màá máa ké e: "Mi, fa, sol, la, si, do!" Do fara ti si, kò sí nǹkan láàárín wọn, ṣùgbọ́n láti sol dé la, àfi kéèyàn fo ọ̀kan nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá. Bí mo bá ṣì í, á ní "Ankọ́ọ̀!", ìyẹn ni pé kí n tún un ké. Ìka mi bó títí. Ìyá mi á ní, "Má sunkún, ohun tó le ń bọ̀ wá dẹ̀rọ̀."

Bàbá mi ò fẹ́ kí n máa ta jìtá rárá. Nígbà tí iléèwé wa ní Èjìgbò ń wá ẹni tí yóò ta jìtá fún ẹgbẹ́ akọrin tó fẹ́ lọ díje ní Masifa, ó ní, "Lọ dán an wò. Bí tíṣà bá lé ọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan jìtá yẹn mọ́ láé."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá fúnra rẹ̀ wá dúró lójú fèrèsé. Tíṣà orin, ọkùnrin ará ìlú Ara kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní, "Fún wa ní do." Mo ta á. Àwọn akọrin gbé orin, ó ga jù wọ́n lọ, ohùn wọn dá. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, "Ìyẹn kì í ṣe do!"

Wọ́láì, do ni! Ojú tì mí, inú sì bí mi. Bàbá ti ń yí padà láti máa lọ. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló máa ń sọ fún wa pé abèèrè kì í ṣìnà. Mo bá kúnlẹ̀ tòun ti jìtá lọ́wọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ohùn kọ do tiyín fún mi."

Ó kọ ọ́. Háà! Sol ti àǹtí mi ni! Àṣé ibi tí orin bá jókòó sí ni wọ́n ń pè ní do níléèwé wa, nígbà tó jẹ́ pé do tí wọ́n kọ́ àǹtí mi ní Àbíjàn kì í kúrò lójú kan. Ọwọ́ mi sáré dé ibẹ̀ láìwo ọrùn jìtá, orin sì gbéra. Tíṣà gbé do sókè, mo bá a lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ta ló bí ọmọ yìí?"

Bàbá mi kígbe lójú fèrèsé: "Èmi ni! Èmi ni mo bí i!"

Àwa la gbégbá orókè ní Masifa. Mo ti ta jìtá fún ọ̀pọ̀ èrò láti ìgbà náà, wọ́n sì ti patẹ́wọ́ fún mi tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí mo bá ṣì í lónìí, ńṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó láyà jù mí lọ. Ẹ bá mi kí i.