Bàálù Àkànó ní Komah

Àkànó kò wọ bàálù rí. Kò tilẹ̀ súnmọ́ èyí tó balẹ̀ rí. Ọmọ oníṣu ni láti Kambolé, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Tchamba, ó sì wá jókòó sí àdúgbò Komah ní Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ó ń kan ibùsùn tó máa ń ké bí èèyàn bá yíra padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ní òun fẹ́ fò.

Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ló kó o sí i. Nígbà tó ń padà sílé lọ́dún 1979, ó fi àpótí mẹ́ta ta á lọ́rẹ: bàálù kékeré tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tó ni ín yóò tò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé Faransé tó ṣàlàyé bí a ó ṣe tò ó. Àkànó kò mọ̀wé. Olùkọ́ ni mí, ará Kambolé bíi tirẹ̀, nítorí náà èmi ló ń bẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, pé kí n wá kà á fún òun.

Ìwé ní kó kọ́kọ́ tún ibi iṣẹ́ ṣe. Ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó fi èédú fa gígùn bàálù sílẹ̀, ó gbé àpótí lé òkúta nítorí ikán. Ìwé ní ìrù ni kó kọ́kọ́ kàn, torí bí èèyàn bá ṣàṣìṣe lára ìrù, àdánù rẹ̀ kò pọ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ni ká wá wí nípa bàálù tó jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a faṣọ bò? Àwọn jándáámù, ọlọ́pàá Ìjọba, wá wò ó, nítorí nígbà yẹn èèyàn kì í ṣe ohun tuntun kí Ìjọba má bi í. Wọ́n rí àwòrán Olórí orílẹ̀-èdè lára ògiri, wọ́n rí Àkànó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tó bí mi nínú ni pé nígbà tó di ọdún kẹrin, gbogbo Komah ń pè é ní Ingénieur, ẹnjiníà. Èmi tí mò ń kàwé, Maître lásán, bí wọ́n ti ń pe gbogbo olùkọ́, ni mo ṣì ń jẹ́. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n ń pè ní Ingénieur.

Ní Jímọ̀ọ̀ kan, a dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ẹ má so apá mọ́ ọn nílé, pápá ni kí ẹ ti so ó. Mo wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tí àgbò méjì kò lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa ìwé dé láìkà á fún un. Mo ní ó tán.

Ó so apá mọ́ ọn. Nígbà tí mo bi í bí yóò ṣe jáde, ó ní bí a ti ń gbé òrùlé ní Kambolé ni: a ó tò ó nílẹ̀, a ó pe èèyàn, a ó gbé e kọjá lórí ògiri, ọwọ́ kan kò sáà gbẹ́rù dórí. Ọkùnrin mẹ́rìnlá wá. Wọ́n di etí apá mú bí wọ́n ṣe ń di etí òrùlé mú. Bí wọ́n ṣe gbé e dé orí ògiri, apá òsì dá láti ìdí, tọ̀tún tẹ̀lé e. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá mi rín in.

Lọ́jọ́ kejì, Àkànó gbé ìwé náà wá sílé mi. Ó bi mí bóyá ó sọ ohunkóhun nípa bí a ṣe ń gbé e jáde.

Mo ní kò sọ.

Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣé, Maître. Láti àná ni mo ti ń rò pé ẹ kà á fún mi, tí èmi ni mi ò gbọ́."

Ó dúpẹ́ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Ó sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi, ó ní èmi ni mo mọ iyì rẹ̀.