Bébà Tí Kò Gba Àmì

Bí o bá wọ ilé ìtẹ̀wé wa ní Aké nígbà náà, òórùn tàdáwà ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, òórùn bébà tútù yóò sì tẹ̀ lé e. A máa ń fi omi rin bébà kí a tó tẹ̀wé sí i, kó lè rọ̀, kó sì lè gba ọ̀rọ̀. Lẹ́tà òjé ni èmi ń tò, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, ará Sàró kan tí kì í pariwo, ló ń yan bébà, òun ló sì ń dá iye lé iṣẹ́. Ó máa ń wù mí láti wò ó. Yóò fi ìka ra bébà, yóò gbé e sétí kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, yóò wá fi ahọ́n kan igun rẹ̀. Bí ahọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn, bébà náà yóò mu tàdáwà jù nìyẹn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan yóò bu iyọ̀ sí i.

Ní òwúrọ̀ kan, obìnrin aláró kan wá láti Ìbarà, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìsìn ìrántí sì ń bọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ti ń sọ kiri pé kò fẹ́ràn ọkùnrin náà nígbà ayé rẹ̀, ìwé títẹ̀ ló sì fẹ́ fi dá wọn lóhùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ kan ti bá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá dá iye lé bébà funfun tó rọ̀. Obìnrin náà ná an títí, àmọ́ owó ẹyọ tó gbé wá kò tó o. Ló bá nawọ́ sí bébà olówó pọ́ọ́kú kan.

“Ẹ fi èyí ṣe é. Bébà ṣáà ni bébà.”

Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó ní kí n to ìlà àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà yẹn. Ara bébà náà rí kókó-kókó, kò gba ọ̀kankan nínú àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọ̀gá kà á bó ṣe rí: “Oko mi dára, èmi kì yóò gbàgbé oko mi.”

“Oko kẹ̀?” Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ó ń roko lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni oko!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé aláwàdà kan lè kà á sí ohun mìíràn tí a kì í dárúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ̀rín tó tán, omijé ti dé ojú obìnrin náà. “Wọn á ní mo tún fi í ṣẹ̀sín.”

Nítorí ohun tí ọ̀gá ṣe lẹ́yìn èyí ni mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un dòní. Kò dín iye kù, kó má baà dà bíi pé ó ń ṣàánú rẹ̀. Ó gé bébà funfun náà sí méjì. “Ìyá, owó yín tó ìdajì. Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kó kù?”

Obìnrin náà ní ká yọ oyè, ká yọ orúkọ gbogbo àwọn ẹbí. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló kù.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìn náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti sọ̀rọ̀ aláró náà láìdáa jù, ni wọ́n ní kó kà á. Ó ka “Ọkọ mi dára,” ó wá na ìwé náà sí aláró. Aláró náà fúnra rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀, láìwo ìwé, torí kò mọ̀ ọ́n kà.

Èmi náà ti ní ilé ìtẹ̀wé báyìí. Bí ènìyàn bá wọlé tó ní èló ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni kò gbọdọ̀ sọnù.