Má Gé E, Ṣẹ́ Ẹ Sínú

Ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, tí o bá béèrè Bàbá Adébíyìí, wọn á bi ọ́ pé Adébíyìí wo. Ṣùgbọ́n tí o bá ní Télọ̀ Gbàgẹ̀rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orúkọ yẹn tọ́ sí i. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi rán aṣọ iléèwé, kò sì sí ọmọ kan tí aṣọ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ìyá ọmọ á bínú, ọmọ á sunkún, bàbá á kàn máa fa òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Ọmọ a máa dàgbà," ni yóò wí. "Àbí ẹ fẹ́ kó má dàgbà ni?"

Wọn á ká aṣọ wọn, wọn á lọ. Lọ́dún kejì wọn á padà wá, bàbá á tú ìṣẹ́tí, aṣọ á sì gùn sí i. Ọmọ Ìgèdè ni, ùṣẹ́tí ló ń pe ìṣẹ́tí títí ó fi kú, ẹni tó bá fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú iṣẹ́: má gé e, ṣẹ́ ẹ sínú.

Fọláwùnmí, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló jìyà òfin yìí jù, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dàgbà sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba Kòmúníọ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní fádà. Síbẹ̀, bàbá kan náà ló ń fi òwú dúdú kó irun fún un ní gbogbo Sátidé, irun náà a sì máa gún ju èyí tí àwọn obìnrin àdúgbò kó lọ. Ó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ pẹ̀lú. Nígbà tó fi di nọ́ọ̀sì, ó ti lo àlùmọ́gàjí pẹ́ kó tó mọ abẹ́rẹ́ oníṣègùn. Ó lọ́kọ, ó bí Ẹ̀bùnolúwa, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kì í yà sílé bàbá.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Jẹjẹrẹ inú ni, dókítà sì sọ fún ẹbí pé bóyá ni yóò lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Monínúọlá, ìyá Fọláwùnmí, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un. Kí wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, kí ìbẹ̀rù má baà pa á ṣáájú àìsàn. Fọláwùnmí gbà, ó sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Ọdún Àjíǹde, bàbá gbé agbádá aláwọ̀ ewé rẹ̀ kalẹ̀, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún. Ó ti ń wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀.

"Bá mi dín in, Àbẹ̀kẹ́," ó ní. Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Fọláwùnmí wọn bàbá, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ, ó gbé àlùmọ́gàjí. Ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó gé ìsàlẹ̀, ó rán an. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó mọ̀ pé ara yẹn kò tún ní í sanra mọ́. Ẹyin lohùn, wọ́n ní. Tó bá já bọ́, fífọ́ ni. Wọn ò sọ ti àlùmọ́gàjí.

Bàbá wọ̀ ọ́, ó ṣe wẹ́kú. "Uṣẹ́ rẹ dáa," ó ní. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ lọ sí etí aṣọ, bí ìka télọ̀ ṣe máa ń lọ, ó ń wá èyí tí wọ́n ṣẹ́ sínú. Kò bá nǹkan kan. Ó wo apá kejì.

"O gé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ìgbà tí Fọláwùnmí dáhùn tán ló tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ òun ti sọ. Ó jókòó.

"Oṣù mélòó ni wọ́n wí?"

Ó fẹ́ parọ́. Irọ́ kọ̀, kò jáde. "Mẹ́rin, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin lẹ kú ìrọ́jú," ni bàbá wí. "Ẹrù yẹn á ti wúwo." Ó bọ́ agbádá, ó ká a. "Kó àgékù yẹn wá."

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń fi àgékù yẹn rán kaba fún Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ ọdún méjì, ìwọ̀nba tí ọwọ́ bá gbà lójúmọ́. Fọláwùnmí fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó kọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá rí i nídìí ẹ̀rọ ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́, nítorí ó dá a lójú pé òun ti gé ìrètí bàbá pọ̀ mọ́ aṣọ. Nígbà tí kaba parí, ojú rírán rẹ̀ wọ́, ó sì gùn tó ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Gbàgẹ̀rẹ̀ ni, kí la tún ń sọ? Bàbá wá ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan lórí èkejì.

"Ùṣẹ́tí mẹ́ta," ó ní. "Ùwọ ni wàá máa tú u. Má gé e."

Ó kú kí oṣù kẹrin tó pé. Agbádá tó ṣe wẹ́kú yẹn ni wọ́n fi sin ín ní Ìgèdè.

Ní oṣù tó kọjá, kaba náà ti kúrú fún Ẹ̀bùnolúwa. Fọláwùnmí mú abẹ, ó tú ìṣẹ́tí àkọ́kọ́. Ìta aṣọ náà ti ṣá, oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá ṣẹ́ sínú ṣì tutù yọ̀yọ̀ bíi ti ọjọ́ tó ń rán an. Fọláwùnmí sunkún, kò sì fi pamọ́ fún ọmọ.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, Mọ́mì?"

"Rárá," ó ní. "Ó ṣì ku méjì."