Ojú Ìwé Kíláàsì Kẹfà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Rose Ọlọ́runtọ́ba kò mọ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mo bá obìnrin náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Trikania, nílẹ̀ Hausa. Òun ló ni kíláàsì kẹta, èmi Àyànníyì ló ni kíláàsì kẹfà. Mo mọ ohun tó ṣe. Mo sì mọ ohun tí èmi náà ṣe, ìyẹn ló ń bí mi nínú títí dòní.

Ọmọ Mopa ni Rose. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, kú lọ́dún 1978, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Emmanuel ni àkọ́bí. Iṣẹ́ tíṣà yìí nìkan ló ń bọ́ wọn, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú, torí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí Grade Two. Ìdánwò ìṣirò kan ṣoṣo ló kù tó ń dà á láàmú. Kì í pariwo. Bó bá bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ sí i.

Látìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 1976, ọmọ ti kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Èdè Hausa la fi ń kọ́ wọn láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, Malama sì ni wọ́n ń pe tíṣà obìnrin. Tí wọ́n bá dé ìkẹrin, wọ́n á bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lójijì. Ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fún wa gùn débi pé kò sẹ́ni tó ń parí rẹ̀ láàárín ọdún kan. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la gbọ́dọ̀ kọ ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ sínú dáyárì, kí ọ̀gá ilé-ìwé lè buwọ́ lù ú. Gbogbo wa là ń kọ ọ́ pé a ti kọ́ ọ tán. Ẹ wo irọ́ tí tíṣà mẹ́fà ń pa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọmọ kan náà sì ń gba ọwọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1981, Rose ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì kẹrin, ló bá gbọ́ igbe. Edith, tíṣà ibẹ̀, ló ń na Zuwera, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Rose, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà ńlá. Rose wọlé, ó di ẹgba mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Edith, ẹ má nà án mọ́. Èmi ni n kò kọ́ ọ."

"Ẹ kò kọ́ ọ kẹ̀? Mo rí i nínú dáyárì yín!"

"Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀."

Iwájú àwọn ọmọ ló ti sọ ọ́ o.

"Kai, Ìyá Emma," ni Edith wí, ó sì ju ẹgba sílẹ̀. "Èmi náà, kì í ṣe gbogbo èyí tí mo kọ sí tèmi ni mo ṣe."

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Rose kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Ó mú ìwé kan dání tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i, ó ti kọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti orúkọ tíṣà rẹ̀ sókè ojú ìwé tirẹ̀. Ó ní níparí ọdún, kálukú á kọ ohun tí kò kọ́ síbẹ̀, á fà á lé tíṣà tó wà lókè rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí ẹnì kan bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹni tó tẹ̀lé e á ti bẹ̀rẹ̀.

Jimoh, tíṣà kíláàsì karùn-ún, bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Malama! Ẹ fẹ́ ká fọwọ́ ara wa kọ ẹ̀sùn ara wa sílẹ̀?"

"Àárín wa ni yóò wà," Rose dá a lóhùn. "Ta ni yóò wá kà á sí wa lẹ́ṣẹ̀?"

Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ta ni èmi fẹ́ fà á lé lọ́wọ́? Kò kúkú sí kíláàsì keje."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́, Tíṣà. Àwọn tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì náà lè fẹ́ mọ̀."

N kò kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbéraga ló ń ṣe mí. Èmi tí mo ti gba Grade Two láti ọjọ́ pípẹ́, èmi ni kí n wá máa jẹ́wọ́ fún obìnrin tí kò tíì yege ìṣirò?

Ìwé náà ṣiṣẹ́. Edith kò bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójijì mọ́, Rose ti máa ń fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló máa ń yege ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì tẹ́lẹ̀, wọ́n di mọ́kànlá lọ́dún 1983. Ọ̀gá wa, Bádéjọ, yìn mí níwájú gbogbo òbí. Mo gba ìyìn náà, mo sì jókòó.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba ní kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù. Alábẹ̀wò kan wá bá wa láti wo ẹni tí wọ́n á yọ. Bádéjọ, tí inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ wa, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé búlúù náà síwájú alábẹ̀wò náà, kó lè rí i bí a ṣe ń gbìyànjú tó. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kó dáyárì wá, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka méjèèjì pọ̀.

Jimoh kọ ìlà mẹ́ta péré. Edith kọ ìdajì ojú ìwé. Rose kọ ojú ìwé márùn-ún, títí kan orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà.

"Dáyárì ní ẹ ti kọ́ ọ, ìwé yìí ní ẹ kò kọ́ ọ," ni alábẹ̀wò náà sọ fún Rose. "Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Ìwé búlúù yẹn, sà."

"Ẹ ti ń tan ìjọba jẹ nìyẹn."

Ó ṣí ìwé náà lọ sẹ́yìn, ó kan ojú ìwé tèmi. Orúkọ mi wà lókè, ìlà rẹ̀ tò, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. "Ó kéré tán," ó ní, "ẹnì kan wà níbí tó ń parí iṣẹ́ rẹ̀."

Rose wò mí. Kò bínú, ńṣe ló ń retí kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé n kò parí iṣẹ́ ọdún kankan rí.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí lẹ́tà ìyọníṣẹ́ fi dé, orúkọ Rose nìkan ló wà níbẹ̀. Bádéjọ fẹ́ sun ìwé búlúù náà, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi pamọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ kí Rose. Níwájú ilé ni mo bá a, tó ń dín àkàrà, tí èéfín ń kó sí i lójú. Ó gbé àpótí fún mi, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi nílé wa ní Kinkinau. Mo ní kó má bínú.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi, Tíṣà," ó ní. Ó yí àkàrà padà. "Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni mò ń retí látọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ìlà kan péré."

Emmanuel kò lè parí ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sábẹ́ dóńgóyárò mọ́, àwọn tó ń yege sì tún padà di méjì. Àìsàn àyà ló pa Rose lọ́dún 1988. Zuwera wá síbi ìsìnkú, ó ní "Malama" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sunkún títí wọ́n fi bo sàréè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ojú ìwé mi. Ìlà tó fi rúlà fà ṣì wà níbẹ̀ kedere. Mo kọ ọ́ pé n kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé n kò dé ibi ìdá àti ìpín nínú ìṣirò rí láti 1976. Mo kọ ọ́ títí ojú ìwé náà fi kún. Kò sẹ́ni tí mo lè fà á lé lọ́wọ́ mọ́.