Ọjọ́ Tí Mo Mú Ọmọ Mi Lọ Wo Eré ní Èsìẹ́

Òórùn òrí àti káfúrà ló máa ń wà nínú yàrá wa nígbà náà, nínú ilé tí a ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀mù-Àrán. Mo máa ń po méjèèjì pọ̀, màá fi pa oríkèé ọmọ mi láàárọ̀ kí ó tó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, òun nìkan ni mo sì bí. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a jà, pé kí n má jẹ́ kí òtútù mú un, kí n sì máa mú inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo dì mú, nítorí òun nìkan ni apá mi ká. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ pé nǹkan tuntun ń bọ̀, èmi sì ń ka iye ọjọ́ tí ọmọ mi fi sùn láìsunkún.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń béèrè ni eré. Àwọn ọmọ àdúgbò ti bá àwọn òbí wọn lọ wo àwọn òṣèré tó wá sí gbọ̀ngàn ìlú, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń fi aṣọ ìyá wọn wérí, tí wọ́n ń ṣe ọba, tí wọ́n ń ṣe olorì, lábẹ́ fèrèsé wa. Ọmọ mi á máa wò wọ́n, á wá bi mí pé àwọn tòótọ́ ńkọ́. Mo wá eré fún un bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Èyí tó bá wá, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, nínú òtútù, owó ìwọlé rẹ̀ sì ju agbára tíṣà iléèwé ìjọ lọ. Mo tilẹ̀ bi ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà bóyá eré wọn yẹ ọmọdé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí mẹ́ta péré ni wọ́n ń bẹ́ nínú rẹ̀. Eré Kérésì ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ló kù. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n orí ẹní ni ọmọ mi wà lọ́jọ́ náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí mo fi rí ìwé kan lára ògiri ilé ìwòsàn. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí tàbí nísàlẹ̀: E WA WO ERE NI ESIE, TOMODE TAGBA, AARO DI IROLE. Owó ìwọlé ọmọdé kò tó nǹkan. Tíṣà tó le ni mí. Ọmọ tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń fa etí rẹ̀, tí màá ní kó sọ fún mi bóyá ọkọ́ ló kọ ni àbí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi fi àmì tó wù ú sí i. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ìyàwó ni wọ́n fẹ́ mi wá sí Ọ̀mù-Àrán. Mo ti gbọ́ nípa òkúta Èsìẹ́, àwọn tí wọ́n ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta náà ni gbogbo ará ilé ọkọ mi ń pè é létí mi. Ká ní ọkọ mi wà nílé ni, ì bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kàdúná ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọkọ mi sì gbà pé eré kì í ṣe ohun tí ọmọ onígbàgbọ́ ń wò, nítorí náà mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Mo wọ súwẹ́tà fún un, a wọ ọkọ̀ dé Orò, mo sì pọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Nínú ọkọ̀, gbogbo èrò ló sọ fún pé òun ń lọ wo ọba tòótọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fún un ní ẹ̀pà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí a dé Èsìẹ́, bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kí i, mo bi í pé níbo ni eré wà, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi.

“Ère ni, ìyá,” ló wí. “Ère.”

Ó rọra tẹ ohùn náà sílẹ̀, bí ẹni ń tún ìwé ọmọ iléèwé ṣe. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí wọn, òkúta lásán, wọ́n jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọkùnrin àti obìnrin, òmíràn di idà mú, òmíràn ò lórí. Ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti jókòó níwájú wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó wá èyí tó jọ ọba láàárín wọn, ó rí i, ó nawọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

“Màámi, ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀?”

Mo ní wọn ò tíì múra tán. Irọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Bàbá yẹn gbọ́. Ó sún mọ́ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ní ọmọ-ọmọ nílé, òun mọ bí wọ́n ṣe rí. Ó ní òun lè dúró sẹ́yìn òkúta tó jọ ọba kí òun bá a sọ̀rọ̀, kí òun sì fi ohùn obìnrin dáhùn láti ẹ̀yìn èkejì. “Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe díẹ̀, ìyá. Kò ná wa ní nǹkan kan.”

Àwọn méjì kan tí wọ́n jọ tíṣà bíi tèmi wà níbẹ̀, wọ́n mú àlejò wá. Wọ́n ti gbọ́ àṣìṣe mi, ọ̀kan ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí i tí arúgbó ń fọhùn láti ẹ̀yìn òkúta nítorí tèmi. Mo ní kí bàbá má ṣèyọnu, pé ọkọ̀ fẹ́ fi wá sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń dúró dè wá.

Ọmọ náà kò sunkún. Nígbà tí a délé, ó sọ fún ìyá ọkọ mi pé òun ti rí àwọn òṣèré, pé wọ́n ṣì ń múra ni. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, bí mo bá ń fi òrí pa á lára, á bi mí bóyá wọ́n ti múra tán, èmi náà á ní ó kù díẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìrora náà wá, kò sì lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò, kò béèrè eré ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, a sin ín.

Wọ́n tù mí nínú bí a ṣe ń tu ìyá ọmọ nínú, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè náà fọ́, nítorí mi ò bímọ mọ́. Ikú rẹ̀, mi ò lè dá a dúró, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbà ni pé ohun tí mo wá títí wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, ní ojúmọmọ, nínú oòrùn, ó yẹ ọmọdé, ẹnì kan sì ti dìde láti ṣe é. Èmi ni mo ní kó jókòó. Mo ti dàgbà báyìí. Mi ò mọ orúkọ àwọn méjì yẹn, mi ò lè rántí ojú wọn mọ́. Nítorí kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín ni ọmọ mi ṣe kú láìrí eré.